Lẹ́tà sí Bàbá mi ní Èpé nítorí ìrìn orí odò tí mo fẹ́ rìn

Reading, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín, mo kí Màámi, mo sì kí gbogbo ará ilé pátá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ara Màámi ti ń mókun. Èmi náà wà ní àlàáfíà, iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ, kò sì sí ohun tó ń gbé mi lọ́kàn ju ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ẹ ní ẹ kò rán mi nílé-ìwé kí n lè tún padà sórí omi, pé bí ẹ bá mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni n ó padà sí, ẹ̀ bá ti fi àjẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ní Èpé, kí owó yín sì dúró sápò. Nígbà tí mo wá sọ fún yín pé mo máa ń wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí ń mú kí èèyàn léfòó lórí omi, ẹ bi mí léèrè pé láti ìgbà wo ni ọmọ apẹja ti ń wọ ẹ̀wù kó tó lè bá omi ṣeré. N kò lè dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ó sì tọ́ kí n ronú kí n tó fèsì fún yín. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n dúró lórí pátákó kan, kí n fi àjẹ̀ tù ú lórí odò Thames láti ìlú Lechlade títí dé Teddington ní ìwọ̀-oòrùn London. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi 200 kìlómítà, a sì fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún rìn ín nínú oṣù Keje, èmi àti àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Teddington ni a ó ti dúró nítorí pé láti ibẹ̀ lọ ni omi òkun ti ń wọ inú odò náà, tó sì ń fà sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé omi tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe omi tí èèyàn ń bá wọ̀jà nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Pátákó tí mo ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní paddleboard. Rọ́bà ni, a máa ń fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú títí yóò fi le bí igi. Tèmi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá àtààbọ̀, ìbú rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ínṣì lọ, ó sì ní lẹbẹ kan nísàlẹ̀ ìdí rẹ̀ bíi ti ẹja, èyí tí kì í jẹ́ kó máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò ní ikùn bí ọkọ̀ yín. Orí rẹ̀ pẹrẹsẹ ni èèyàn ń dúró sí.

Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní ìdúró. Mo rántí àwọn òwúrọ̀ tí mo máa ń wà ní ìdí ọkọ̀, tí ẹ̀yin wà ní orí rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n léjìká, tí ẹ kì í jẹ́ kí n jókòó gbọ́n omi inú ọkọ̀. Ẹ ó ní kí n dìde, kí n fi igbá gbọ́n ọn ní ìdúró, ẹ ó sì máa ju àwọ̀n lọ bí ẹni pé kò sí ọmọ kankan tí ń gbọ̀n lẹ́yìn yín. Mo rò nígbà náà pé ẹ ń fìyà jẹ mí ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gun pátákó yìí ní ọdún tó kọjá, àwa mẹ́fà ni a jọ bẹ̀rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn márùn-ún yòókù fi bọ́ sómi, ṣùgbọ́n orúnkún tèmi tẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń bá omi lọ, mo sì dúró. Olùkọ́ wa bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní lọ́dọ̀ bàbá mi.

Ọ̀rọ̀ àjẹ̀ ni ó yàtọ̀. Àjẹ̀ ibí yìí gùn ju èèyàn lọ díẹ̀, abẹ́ rẹ̀ kò sì bá ọ̀pá rẹ̀ dọ́gba, ńṣe ni ó tẹ̀ síwájú. Mo dì í mú kí kòtò rẹ̀ kọjú sí mi, bí ẹni fẹ́ bu omi, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ fẹ́ ẹ. Olùkọ́ gbà á, ó yí i padà. Nígbà tí èèyàn bá na ọwọ́ jìnnà síwájú láti ki àjẹ̀ bọmi, títẹ̀ náà ni ó ń mú kí abẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán nínú omi ní ibi tí agbára wà. Bí a bá dì í sódì, omi ni yóò máa gbé sókè, pátákó yóò sì máa lọ́ra. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ẹ máa ń wí náà ni wọ́n ń wí: kí gbogbo abẹ́ àjẹ̀ wọlé kí èèyàn tó fà á, kí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn àti ìbàdí ni yóò ṣe iṣẹ́, kí apá kàn máa dì í mú, kí a sì yọ ọ́ nígbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń jáde láti oṣù Kìíní. Kìlómítà mẹ́jọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, mo ń lọ láti Caversham dé Mapledurham, mo sì ń padà, ìyẹn nǹkan bíi mẹ́rìnlá. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ara bá yá, kìlómítà márùn-ún sí mẹ́fà ni mo ń rìn ní wákàtí kan, nítorí náà ogójì kìlómítà lójúmọ́ yóò gbà mí tó wákàtí méje tàbí mẹ́jọ lórí ìdúró. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń rẹ̀ mí kí apá tó rẹ̀ mí. Bí afẹ́fẹ́ bá sì dojú kọ èèyàn, gbogbo ara á di ìgbòkun, kò sí ọgbọ́n mìíràn ju pé kí a kúnlẹ̀. Dàbínù àti kúlíkúlì tí Màámi fi ránṣẹ́ ni mo ń jẹ ní wákàtí wákàtí. Kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà níbí.

Nípa ti ẹ̀wù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tíì sọ fún Màámi. Ní oṣù Kẹta, ọkọ̀ ńlá kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìgbì rẹ̀ gbá pátákó mi nídìí, mo sì bọ́ sínú omi. Láti kékeré ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ọ̀sà wa lọ́wọ́ọ́rọ́. Òtútù omi ibí yìí mú mi láyà bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ méjèèjì fún ẹ̀dọ̀fóró mi. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀, mo ń mí gúlegúle, n kò lè dá a dúró, ọwọ́ mi kò sì gbọ́ tèmi mọ́. Bí orí mi bá wà lábẹ́ omi ní ìṣẹ́jú yẹn, omi ni ǹ bá fà símú. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni ó gbé orí mi sókè. Àjọ RNLI, tí ń dóòlà ẹ̀mí lórí omi ní orílẹ̀-èdè yìí, ń kọ́ gbogbo ayé pé kí ẹni tó bá já sínú omi tútù má ṣe lúwẹ̀ẹ́ rárá lákọ̀ọ́kọ́, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ó léfòó títí èémí yóò fi padà bọ̀ sípò. Bí mo ṣe ṣe nìyẹn. Nígbà tí èémí mi balẹ̀, mo gun pátákó mi, mo sì kúnlẹ̀ tù ú dé etí odò.

Ohun kejì tí ń bani lẹ́rù ju òtútù lọ ni weir. Àwọn èèyàn ibí yìí ti fi ògiri dí odò náà ní ibi tó lé ní ogójì, kí omi má baà gbẹ mọ́ ọkọ̀ nídìí. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni yàrá omi tí wọ́n ń pè ní lock wà, tó ní ìlẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, tí ọkọ̀ máa ń wọ̀ kí wọ́n tó jo omi rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ̀ yóò fi bá omi ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni weir, níbi tí omi ti ń dà wálẹ̀. Bí èèyàn bá wà lókè rẹ̀, ojú omi dán bíi dígí, kò sí ohun tó ń kìlọ̀ fún ojú; nísàlẹ̀ rẹ̀ ni omi náà ti ń yí padà sẹ́yìn, tó ń fa ohun tó bá já sínú rẹ̀ padà sábẹ́ ara rẹ̀ léraléra. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, 2021, ní ìlú Haverfordwest ní Wales, èèyàn mẹ́rin tó wà lórí irú pátákó yìí kan náà já sí weir kan, ìyẹn ló sì pa wọ́n. Nítorí náà, a kì í gba ibẹ̀. A ó yà sí etí odò kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ó gbé pátákó àti ẹrù, a ó rìn kọjá lock, a ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ lódìkejì. Láàárín lock Benson àti lock Cleeve, a ó tukọ̀ ju kìlómítà mẹ́wàá lọ kí a tó tún gbé ẹrù. Láti Cleeve dé lock Goring, kò ju nǹkan bíi kìlómítà kan lọ. Bí òjò bá sì ti pọ̀ tí omi ń sáré, Environment Agency, àjọ ìjọba tí ń bójú tó odò náà, yóò gbé àmì pupa kọ́ sára àwọn lock, a kò sì ní jáde lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ó jẹ́.

Okùn kan tún wà tó so èèyàn mọ́ pátákó. Lórí òkun, ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, ṣùgbọ́n lórí odò tó ń ṣàn, bí pátákó bá gba apá ọ̀tún òpó kan, tí èèyàn sì gba apá òsì, omi yóò na onítọ̀hún gbọọrọ, kò sì ní lè tẹ̀ ba kí ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Nítorí náà, ìbàdí ni a ń so tiwa mọ́, lórí bẹ́líìtì kan tó ní koko róbótó níwájú. Bí a bá fa koko náà, gbogbo rẹ̀ á tú. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí a tó jáde, a máa ń dúró nínú omi tó mọ wá ní itan, a ó di ojú wa, a ó sì fà á ní ogún ìgbà, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ ojú.

Bàbá, èsì mi sí ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ìwé tí ẹ rán mi lọ kà ni ó gbé mi kúrò lórí omi, mo sì ń jẹun nídìí rẹ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá wà lórí pátákó yìí ni ọkàn mi máa ń wà nílé jù lọ. Ẹ̀wù tí mo sì ń wọ̀, ọ̀wọ̀ tí mo ń bù fún omi ni, kì í ṣe ojo.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbúrò mi fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láti etí ọ̀sà. Ó fẹ́ fi bí oòrùn ṣe ń wọ̀ hàn mí ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń wò. Ọmọ ilé-ìwé mọ́kànlá ni mo kà nínú rẹ̀, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lára wọn, wọ́n ń padà sí abúlé òdìkejì. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo rí, ẹni tó ń tukọ̀ sì ti ká a, ó jókòó lé e. Mo fi fídíò náà han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ṣèlérí iye tí wọn yóò san lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí a bá rìn. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ni a ó fi gbogbo owó náà rà.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Àwọn ẹgbẹ́ apẹja ń gbọ́ tiyín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka iye àwọn ọmọ tó ń fi ọkọ̀ sọdá lọ sílé-ìwé, kí ẹ sì bá olùkọ́ wọn sọ ọ́ kí ó kó wọn lọ gun sìkéèlì ní ilé ìgbẹ̀bí, nítorí pé ìwúwo ni a fi ń ra ẹ̀wù náà fún ọmọdé: èyí tó bá tóbi jù, orí ni yóò gbà bọ́ kúrò lọ́rùn ọmọ nínú omi. Kí wọ́n kọ ìwúwo ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí àbúrò mi ya ìwé náà ní fọ́tò, kí ó sì fi ránṣẹ́ kí oṣù Kẹfà tó parí, kí n lè rà wọ́n kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Àti pé, bí ẹ bá gbà fún mi, mo fẹ́ kí ẹ̀yin gan-an wọ èyí tó bá kọ́kọ́ dé, kí ẹ sì tukọ̀ kọjá níwájú wọn.

Ẹ bá mi fi àdúà sí i. Ẹ kí Màámi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní.