Ilẹ̀kùn ìta tí a fi igi ṣe, òróró ló yẹ ẹ́ ju fáníìṣì lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá ń wo ilẹ̀kùn àbáwọlé àwọn ilé tuntun. Ẹni tó ra ilẹ̀kùn ìrókò lóde òní ti náwó gidi, síbẹ̀ kí òjò ọdún kejì tó dá, fáníìṣì ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja.

Igi máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Fáníìṣì tó ti gan lójú rẹ̀ kò lè bá a wú kó tún bá a sún kì, nítorí náà ó máa ń là. Omi á gba ojú ibi tó là wọlé, kò ní tètè rí ọ̀nà jáde, igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lábẹ́ ohun tó yẹ kó dáàbò bò ó. Òróró linseed, tí wọ́n ń fún lára èso ewéko flax, tàbí ti tung, tí wọ́n ń fún lára èso igi tung, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú igi ló ń wọ̀, atẹ́gùn ló sì ń mú kó gan síbẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá ṣá, a kò ní í ha ohunkóhun kúrò ká tó fi òmíràn kún un.

Kì í ṣe gbogbo òróró ló ń gbẹ o. Epo pupa àti àdín kì í gbẹ láé. Wọ́n á kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, eruku á sì bò wọ́n. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò, èyí táwọn kan ń fi lé ikán, ní májèlé nínú, kò sì yẹ lára ilẹ̀kùn tọ́mọdé ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Òróró linseed fúnra rẹ̀ kì í pa ikán: oògùn ikán ni ká kọ́kọ́ fi kun igi, kó gbẹ dáadáa, kí òróró tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nígbà tí oòrùn kò bá tíì mú tàbí tó ti rọlẹ̀. Ká ha fáníìṣì àtijọ́ kúrò pátápátá, ká fi sáńpépà tẹ̀ lé ìlà ara igi, ká nu eruku rẹ̀ nù. Ìrókò ní oje kan nínú tí kì í jẹ́ kí òróró tètè gbẹ, nítorí náà ó dára ká fi turpentine, ohun olómi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, nù ún kọ́kọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti fi bùrọ́ọ̀ṣì kun òróró náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ká dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ká wá fi àkísà nu gbogbo èyí tí igi kò fà mu kúrò. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí wọ́n rò pé bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe máa lágbára tó, bẹ́ẹ̀ èyí tó kù lójú igi ló ń di gọ́ọ̀mù. Kó gbẹ tán ká tó kun ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta.

Mo bẹ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa pé kí wọ́n máa tú ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ayùn ti gé igi ní ìbú ló ń fa omi mu jù, ibẹ̀ ni ìjẹrà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kì í kùn ún, nítorí ojú kò tó o. Ká máa fi òróró sí i títí kò fi ní mu mọ́.

Láti mọ ìgbà tó yẹ ká tún un kùn, ká wọ́n omi sí i: bí omi bá ń yí dànù, ó ṣì dára, bó bá wọlé tí ojú ibẹ̀ sì dúdú, àsìkò ti tó. Èyí tí òjò àti oòrùn ń bá tààrà lè fẹ́ ẹ lọ́dọọdún, ti abẹ́ fàráńdà á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ilẹ̀kùn ọlọ́nà àtijọ́, irú èyí tí Olówè Ìsẹ̀, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére ayé àtijọ́, gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì, kí onílé má fòróró kàn án rárá. Àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni kó pè.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àkísà tí a fi nu òróró linseed. Bí a bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná, láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ká tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí ká rì í sínú omi nínú agolo onírin ká tó dà á nù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn