Oòrùn Èkìtì kò jẹ̀bi, ìṣirò àti waya ni kí ẹ yẹ̀ wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí à ń ronú lẹ́ẹ̀mejì kí á tó tàn án. Òrùlé tó gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà sì ń pọ̀ sí i, láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, láti Ìjerò dé Òmùò. Ṣùgbọ́n àròyé kan ń tẹ̀ lé e: wọ́n ní sólà kì í tọ́jọ́, wọ́n ní tí òjò bá ti dé, ó parí, wọ́n ní kò sí ojúlówó bátìrì lọ́jà mọ́. Oòrùn ni mo wá gbèjà rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí, àti bátìrì náà díẹ̀. Ìṣirò tí a kò ṣe kí á tó rajà, àti waya tí a ná owó rẹ̀ títí tó fi di tín-ín-rín, ni wọ́n ń pa sólà nínú ilé wa.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí à ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni, "Bátìrì mélòó lẹ fẹ́?" Ohun tí a fẹ́ fi ṣe kò kan olùtajà. Ẹ jẹ́ kí á mú ilé kan tí kò tóbi. Gílóòbù LED mẹ́fà, wáàtì 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5, tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀: wáàtì-wákàtí 270. Fáànù méjì, wáàtì 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 8: 960. Tẹlifíṣàn wáàtì 60 fún wákàtí 4: 240. Fóònù àti àwọn nǹkan wẹ́ẹ́rẹ́: 120. Fíríìjì kékeré tó ṣì pé máa ń jẹ bíi 1,000 láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,590 wáàtì-wákàtí lójúmọ́.

Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 550 kì í gbé 550 jáde láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí a bá kó oòrùn tó mú gidi jọ ní ilẹ̀ wa, ó máa ń tó bíi wákàtí 5 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú oṣù Kẹjọ, wákàtí 3 àbọ̀ ni kí á fi ọkàn sí. Ooru, eruku, waya àti ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná NEPA) yóò sì bu bí ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ kó tó dé orí gílóòbù. Páńẹ́ẹ̀lì kan á wá fún wa ní bíi 2,000 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bíi 1,400 nínú oṣù Kẹjọ. Méjì jẹ́ 2,800. Ó tó o, ṣùgbọ́n bí òjò bá fi ọjọ́ méjì rọ̀ láìdá, kò sí èyí tó ṣẹ́kù tí a ó fi san gbèsè bátìrì. Mẹ́ta ni kí ilé yìí rà. Oṣù Kẹjọ ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má fi oṣù Kejì tan ara yín.

Lálẹ́ ńkọ́? Fíríìjì á ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lórí bátìrì, àwọn tó kù á ṣe gbogbo tiwọn: 2,090. Ẹ fi ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un. Kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn, bẹ́ẹ̀ bó bá ń jẹ wáàtì 30 fún wákàtí 12, 360 ti lọ, ó ju ti gílóòbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ. Ó di 2,450. Bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tubular, 220Ah (áńpù-wákàtí) méjì tí a so di fóòtì 24 (24V), gba wáàtì-wákàtí 5,280, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni kí á máa lò tí a bá fẹ́ kó pẹ́. Ìyẹn jẹ́ 2,640, ó sì tó ilé yìí. Lithium fóòtì 25.6 tó jẹ́ 100Ah gba 2,560. Bí a bá tiẹ̀ lo ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, kò pé. 200Ah ni kó jẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí à ń bá nílé onílé. Bátìrì 220Ah mẹ́rin ló tò sílẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ kí àlejò lè rí i, páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 250 méjì péré ló wà lókè. Ife kan ni wọ́n fi ń pọn omi sí àgbá mẹ́rin. Iná tó ń wọ bátìrì olómi yẹ kó tó bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀: 220Ah fẹ́ áńpù 22. Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà ní fóòtì 48, ìyẹn á tó wáàtì 1,200. Páńẹ́ẹ̀lì 500 yẹn kò lè ju áńpù 9 lọ lọ́sàn-án gangan. Bátìrì ò ní kún láé. Bátìrì olómi tí kì í kún, nǹkan funfun kan ló ń gan mọ́ àwo òjé inú rẹ̀, yóò le bí èèpá, ibi tó bá sì ti le kò ní gba iná mọ́. Kí ọdún méjì tó pé, ó ti kú, wọ́n á ní ayédèrú ni. Páńẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ fi kún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ra bátìrì karùn-ún. Bátìrì tuntun tí a bá so mọ́ ògbólógbòó, ògbólógbòó ni yóò fà á lulẹ̀. Omi tó ń wọ inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike. Omi kànga kò dára fún un, omi òjò náà kò dára, ásíìdì ló wá burú jù.

Ọ̀rọ̀ waya ló ń dùn mí jù. Ẹ tan ínfátà, ẹ gbé ẹrù lé e, kí ẹ fi tésítà wọn ẹnu bátìrì. Ẹ ká a: 23.8. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tésítà kan náà lọ sí ìdè méjì tó wà lẹ́yìn ínfátà: 21.8. Fóòtì 2 ti dàwátì láàrin ibi tí kò gùn ju igi ìlẹ̀kùn lọ. Bí áńpù 80 bá ń kọjá, wáàtì 160 ló ń di ooru nínú waya yẹn, ó ju fáànù méjì lọ. Ínfátà kò mọ̀ pé waya ni. 21.8 ló rí, yóò máa ké pé bátìrì fẹ́ tán, yóò sì pa ara rẹ̀ nígbà tí bátìrì ṣì ní oúnjẹ nínú. Bí wọ́n ṣe ń ra bátìrì mìíràn nìyẹn.

Wáàtì 2,000 ní fóòtì 12 jẹ́ áńpù 167. Ní fóòtì 24, ó jẹ́ 83. Ní 48, ó jẹ́ 42. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbé wáàtì 2,000 lé fóòtì 12. Fún fóòtì 24, waya bàbà 25mm² ló kéré jù, 35mm² ló dáa jù, kó má sì gùn ju mítà 2 lọ. Ẹ̀rọ tó ń tẹ lọ́ọ̀gì, irin tí à ń fi sí ẹnu waya, ni kí rewaya fi tẹ̀ ẹ́. Tó bá mú òòlù jáde, ẹ dá a dúró. Waya kan wà lọ́jà tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù nínú, tí wọ́n fi bàbà pa lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Tí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ pe rewaya padà kó tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún, nítorí ooru ọ̀sán àti òtútù òru máa ń tú u. Kó bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ o. Sípánà tó bá dábùú ẹnu bátìrì méjèèjì, á jó mọ́ ibẹ̀ ni.

Bírékà tí à ń lò fún iná NEPA, ẹ má fi sí ojú ọ̀nà páńẹ́ẹ̀lì. Iná NEPA ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbà 100 ló ń já sí òdo ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí náà bí bírékà bá là, iná tó ń tàn láàrin ẹnu rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Iná páńẹ́ẹ̀lì kì í já sí òdo. Tí bírékà lásán bá là lórí rẹ̀, iná á dúró sáàárín ẹnu rẹ̀, á máa jó, á yọ́ ike, á kan pákó. Bírékà tí wọ́n kọ DC (irú iná páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì) sí lára, tí fóòtì rẹ̀ ju ti páńẹ́ẹ̀lì lọ, ni kí ẹ rà. Kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì, kó má jìnnà.

Àwọn rewaya wa kan fẹ́ràn láti so páńẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tẹ̀léra. Páńẹ́ẹ̀lì 550 máa ń ní bíi fóòtì 49.9 nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ 149.7. Wọ́n á wo ẹ̀yìn kóńtírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, wọ́n á rí 150, wọ́n á ní ó wọlé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà yẹn, bí páńẹ́ẹ̀lì bá sì ṣe ń tutù ni fóòtì rẹ̀ ń gòkè. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ tí òtútù mú dé 18, ó ti kọjá 152, kóńtírólà á sì jó kí onílé tó fọ ẹnu tán. Méjì ni kí ẹ so tẹ̀léra lórí irú kóńtírólà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, kó jẹ́ méjì méjì, kí ẹ so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Irú kóńtírólà méjì ló wà, MPPT àti PWM; MPPT ni kó sì jẹ́. Páńẹ́ẹ̀lì 550 ń gbé áńpù 13 jáde ní fóòtì 42. PWM á fà á wálẹ̀ sí fóòtì 27 ti bátìrì, 13 lọ́nà 27 sì jẹ́ 351. Bíi wáàtì 200 ti ṣòfò lókè nìyẹn. Owó tí ẹ dín lára kóńtírólà, ẹ ti fi san án lára páńẹ́ẹ̀lì.

Ẹ mú téèpù lọ sọ́jà. Oòrùn ọ̀sán gangan ń da bíi wáàtì 1,000 sórí mítà kan níbùú lóròó, páńẹ́ẹ̀lì tó dára lónìí sì ń mú bíi 210 nínú rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì 550 tòótọ́ gùn tó bíi mítà 2.28, ó fẹ̀ tó 1.13, ó sì wúwo tó kílò 27. Èyí tó gùn ní mítà 1.65, tó fẹ̀ ní mítà 1, kò lè ju bíi 350 lọ, ohun yòówù kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Gúúsù ni kí páńẹ́ẹ̀lì kọjú sí, kó dagun díẹ̀, bíi ìwọ̀n 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ẹ fi àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàrin òun àti páànù kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé lóṣù Kejìlá, oòrùn máa ń rọ̀ sí gúúsù gan-an. Igi máńgò tàbí táńkì omi tó wà níhà gúúsù, tí òjìji rẹ̀ kò dé orí páńẹ́ẹ̀lì lóṣù Kẹfà, á bò ó nígbà ọyẹ́. Òjìji tó bo igun kan ṣoṣo lè gba ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì náà. Eruku ọyẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀: omi àti aṣọ rírọ̀, láàárọ̀ kùtù, lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Ẹ má da omi tútù sórí rẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tó gbóná.

Ẹni tó kọ́lé sí ìsàlẹ̀ Olósunta ní Ìkẹ́rẹ́ mọ bí àpáta ṣe rí. Ọ̀pá bàbà tí a fi ń darí iná àrá wọlẹ̀ (earthing), tó yẹ kó wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, á kan àpáta ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Rewaya á fi ayùn gé èyí tó yọ sókè, á fi yẹ̀pẹ̀ bo orí rẹ̀, á gbowó rẹ̀. Àrá kò mọ ìyẹn. Bí ilẹ̀ bá kọ̀, ẹ gbẹ́ kòtò gígùn tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ tẹ́ waya bàbà lásán gbalaja sínú rẹ̀, kí ẹ fi amọ̀ àti èédú bò ó, kí ẹ máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà sí i ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ bàbà, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ.

Pọ́ǹpù omi tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin kan (1hp) máa ń fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún wáàtì rẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra, nítorí náà ínfátà 1.5kVA ò lè gbé e. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù, ẹ dúró de iná NEPA.

Olóòtú, Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ máa ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀, Èkìtì sì wà lára àwọn tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, kọ́kọ́ gbé àṣẹ náà lé lọ́wọ́ lọ́dún 2024. Ẹ bá wa sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pé ohun kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ di dandan: kí ẹni tó bá gbé sólà sílé onílé kọ bébà kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà. Kó kọ ohun tí ilé náà ń jẹ lójúmọ́ síbẹ̀, iye tí páńẹ́ẹ̀lì lè mú wá nínú oṣù Kẹjọ, fóòtì páńẹ́ẹ̀lì nígbà tí kò sí ẹrù àti iye tí kóńtírólà lè gbà, ìwọ̀n waya bátìrì, ọjọ́ tí yóò padà wá tún nọ́ọ̀tì fún, àti orúkọ ara rẹ̀. Kó tún kọ ọ́ gàdàgbà pé bí iná bá fẹ́ di wàhálà, bírékà páńẹ́ẹ̀lì ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa, kí wọ́n tó pa ti bátìrì.

Èmi ni,
Rewaya sólà kan,
Adó-Èkìtì.