Ẹ má kọ́ àwọn ọmọ wa láti sẹ́ ẹbí wọn nítorí iṣẹ́ àṣírí ìjọba Amẹ́ríkà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́jọ́sí ló mú mi kọ èyí. Ẹni tó kọ ọ́ gba àwọn ọ̀dọ́ wa tó wà ní Amẹ́ríkà nímọ̀ràn pé bí wọ́n bá fẹ́ wọ iṣẹ́ àṣírí ìjọba níbẹ̀, kí wọ́n má dárúkọ ẹbí tó wà nílé, kí wọ́n fi owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ pa mọ́, kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò ní ìlú kankan mọ́. Mo fẹ́ kí àwọn òbí tó ń ka ìwé ìròyìn yín mọ̀ pé ìmọ̀ràn yẹn lè gbé ọmọ wọn dé ẹ̀wọ̀n.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí. Bowie, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni mò ń gbé, àwa Yorùbá sì pọ̀ ní àdúgbò yìí dáadáa. Iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ni mo kọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ṣe é ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ kò ní í jáde lẹ́nu mi títí tí n ó fi wọ káà ilẹ̀ lọ, torí mo tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ń pè ní SF-312, ẹ̀jẹ́ náà kò sì bá iṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọlé kì í ṣe àṣírí. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló tẹ òfin rẹ̀ síta kí gbogbo ayé lè kà á.

Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín àṣírí sí níbẹ̀: Confidential, Secret, àti Top Secret. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó bá ti gba kílíráǹsì Top Secret, ìyẹn àṣẹ láti rí àṣírí ìjọba, ti rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Rárá o. Àwọn ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Special Access Program, tí wọ́n tún mọ odi mìíràn yí ká. Òfin tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2009 sọ pé iye èèyàn tó máa wọ irú ètò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilédì Ògbóni mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ti ṣe awo ló ń dé yàrá inú lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Èèyàn kì í dìde lọ béèrè fún un. Ọ̀gá iṣẹ́ ló máa fi orúkọ rẹ sílẹ̀, tó máa kọ ohun tí ìmọ̀ rẹ fẹ́ ṣe fún ètò náà. Wọ́n á tún fáìlì rẹ yẹ̀ wò, wàá tún tọwọ́ bọ ìwé mìíràn. Ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ bá parí níbẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ kúrò, ìwọ náà á sì di ará ìta.

Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ogun F-117 kọ́kọ́ fò ní oṣù Kẹfà ọdún 1981, ṣùgbọ́n oṣù Kọkànlá ọdún 1988 ni ìjọba tó fi hàn aráyé. Ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ lọ sí Tonopah, nínú aṣálẹ̀ Nevada, lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á padà lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì sí ará ilé tó mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ń wà.

Ẹnu ọ̀nà gbogbo èyí ni ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní SF-86, tó lé ní ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Ibi tí o ti gbé àti ibi tí o ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 10. Ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ, àna: ìlú tí wọ́n bí wọn sí, ọmọ orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n, ibi tí wọ́n ń gbé, ẹni tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ tàbí ilé tí o ní lókè òkun. Bóyá o ti fi owó ran ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ rí. Èwo nínú àwa Yorùbá ni kò ní í dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìyẹn?

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ bá ẹ̀yin tó wà nílé sọ̀rọ̀ ní pàtàkì. Nígbà tí mo ń kọ ìwé yẹn, ọlọ́pàá ni àbúrò mi ọkùnrin ní Ìbàdàn. Ó bínú sí mi lórí fóònù. Ó ní kí n má kọ orúkọ òun sínú ìwé òyìnbó kí wọ́n má bàa lé òun níṣẹ́. Ìyá wa kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí wọ́n gbà ní kọ́ọ̀tù nìkan ló wà. Mo kọ ọjọ́ tó wà nínú ìwé yẹn, mo sì fi àmì sí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi hàn pé àfojúbù ni. Mo kọ orúkọ àbúrò mi àti iṣẹ́ ọlọ́pàá rẹ̀. Mo kọ pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ tí mo rà ní Ìṣẹ́yìn, àti owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lóṣooṣù. Nígbà tí oníwàádìí wá jókòó tì mí, ó bi mí pé bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ àbúrò mi halẹ̀ mọ́ mi, kí ni mo máa ṣe? Mo ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá ààbò níbi iṣẹ́ mi ni mo máa kọ́kọ́ lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Mo rí kílíráǹsì náà gbà.

Ìlànà 13 ni wọ́n fi ń díwọ̀n èèyàn, èyí tí wọ́n ń lò báyìí sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2017. Òótọ́ ni pé okùn tó so èèyàn mọ́ ilẹ̀ òkèèrè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì lè dí ẹlòmíràn lọ́nà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wo irú okùn tó jẹ́, wọ́n sì ń wo gbogbo ìgbé ayé ẹni náà pọ̀. Irọ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀. Ó wà lára ìwé náà gan-an pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ sínú rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5.

Gbèsè tún wà, òun ló sì ń dùn mí jù, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwa ará ilé ń lọ́wọ́ sí i. Aldrich Ames, òṣìṣẹ́ CIA, àjọ amí ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n mú ní oṣù Kejì ọdún 1994, gbèsè ló kọ́kọ́ tì í débi tó fi ta àṣírí fún àwọn ará Soviet. Látìgbà náà, wọn kì í fojú kékeré wo owó. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá sọ fún ọmọ tó wà níbí pé bí kò bá pa màlúù mẹ́ta síbi òkú bàbá rẹ̀, ojú á ti ẹbí, tí ọmọ náà sì fi káàdì yá owó tí kò lè san, ẹ mọ̀ pé ẹ lè fi ayẹyẹ ọjọ́ kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí i kí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó mọṣẹ́, tí kò jalè, tí kò ta ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ wá gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook pé ọmọ wa ti wọ iṣẹ́ àṣírí ìjọba. Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn olè orí kọ̀ǹpútà ti kó àkọsílẹ̀ ìwádìí èèyàn mílíọ̀nù 21.5 lọ. Àwọn tó ń wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bẹ, a kò gbọ́dọ̀ bá wọn júwe ilé rẹ̀.

Ẹni tó ti wọlé náà kò tíì simi. Kọ̀ǹpútà ń yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò nígbà gbogbo báyìí. Kí o tó wọkọ̀ òfuurufú wálé, wàá sọ fún wọn. Bí òkú bá ṣubú lójijì, wàá ṣì sọ fún wọn kí o tó kúrò, kí o wá kọ ìyókù nígbà tí o bá padà dé Amẹ́ríkà. Igbó mímu tí òfin gbà láyè ní Maryland láti oṣù Keje ọdún 2023, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á.

Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ọjọ́sí, tó ti fi ìyá rẹ̀ tàbí ilẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ nínú ìwé yẹn, ìlànà tí mo sọ lókè yẹn náà fi àyè sílẹ̀ fún un. Ó ní bí ẹni náà bá yára fi òótọ́ inú tún un ṣe kí wọ́n tó ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á kà á sí ohun rere fún un. Kí ó lọ bá ọ̀gá ààbò níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó má dúró de ọjọ́ tí oníwàádìí máa kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Tọ́pẹ́,
Bowie, Maryland.