Lẹ́tà sí Màmá Kémta, lórí yàrá tí n kò sùn sí

Màmá mi,

Ó pé ọdún kan ní Sátidé tó kọjá tí ẹ ti papò dà. A ṣe àdúrà ìrántí yín nínú agbo ilé, a se oúnjẹ, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín aládìrẹ láti Ìtòkú sì wá pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí obìnrin kan tó ń bá wọn bu àmàlà fi gbé àwo tèmi wá, tó wo ojú mi dáadáa, tó sì bi mí bóyá èmi ni Àkànní. Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi ni mo wà nínú yàrá ọwọ́ òsì yẹn kí Màmá tó ní kí n kó jáde nítorí yín." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ó sì kọjá sọ́dọ̀ àlejò tó kàn. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ rántí oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí lẹ́tà iṣẹ́ mi jáde tí mo sì ń kó bọ̀ láti Ìlọrin. Òkè-Mosàn ni ọ́fíìsì náà wà, n kò sì mọ ibì kankan ní Abẹ́òkúta ju Olúmọ àti agbo ilé wa lọ, nítorí pé àsìkò ọdún àti ìsìnkú nìkan ni bàbá mi máa ń kó wa wálé. Kí n tó dé ni mo ti ṣírò owó oṣù mi sórí ìwé: iye tí yóò lọ sórí ilé, iye tí yóò lọ sórí ọkọ̀, iye tí n ó máa fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Àwọn tí a jọ gba iṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe gbójú lé Ìbarà tàbí Òkè-Ìlewó, pé Ọbáńtokò ni kí n lọ, níbi tí ilé tuntun ti ń yọ bí olú tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ẹ̀yin kò bá mi ṣírò ohunkóhun. Ẹ kàn ní, "Ará Kémta ni ẹ́. Kí lo ń wá ilé kiri fún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí nígbà náà. Nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní ilẹ̀ wọn, tí Ṣódẹkẹ́ sì kó wọn wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan ló gbé orúkọ rẹ̀ dání wá tó sì tẹ̀dó ní tirẹ̀: Kémta, Ìjemọ̀, Ìgbẹ̀ìn, Ìtokò, Aké. Ohun tí èmi ń pè ní àdúgbò, ìlú ni lójú yín, ènìyàn kì í sì í fi owó ilé yan ìlú tí wọ́n ti bí baba rẹ̀. Ọbáńtokò ní tirẹ̀ kún fún òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Ẹ máa ń sọ pé bí ènìyàn bá kú sínú ilé níbẹ̀, ajẹ́ńtì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Mo máa ń bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Síbẹ̀ ẹ tẹ̀ lé mi wá ilé ní Sátidé mẹ́ta gbáko, ẹ ti ìsọ̀ yín nítorí mi. Ẹ kọ̀ láti wo ilé kankan nígbà tí oòrùn bá mú. Bí òjò bá ti dá ni ẹ máa ń pè mí pé kí a máa lọ. Ẹ kì í bi ajẹ́ńtì ní ìbéèrè. Àwọn ọmọdé tó ru kéèègì lójú ọ̀nà ni ẹ máa ń bi níbi tí wọ́n ti pọn omi, nítorí pé orí àpáta ni ìlú wa wà, ẹni tó bá sì gbẹ́ kànga kan àpáta, ìgbà ẹ̀rùn ni yóò tó mọ irú kànga tí òun ní. Ní ọjọ́ kejì, a dé ilé kan tó wà nítòsí odò kékeré kan, yàrá méjì àti pálọ̀, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń gbà níbòmíràn. Inú mi ti dùn. Ẹ wọ inú yàrá lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ra ògiri láti ilẹ̀ títí dé ibi orúnkún yín, níbi tí àwọ̀ ọ̀dà ti yàtọ̀. Ajẹ́ńtì ní ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún. Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, ẹ ní, "Ọ̀dà wo ló ń tutù báyìí?" Lọ́nà ilé ni ẹ ti sọ fún mi bí àgbàrá ṣe gbé ilé àti ènìyàn lọ ní Abẹ́òkúta lóṣù keje ọdún 2018, pé ilé tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ láìnídìí, omi ni kí n kọ́kọ́ bèèrè. Ní gbogbo ọdún tí mo ti lò nílé ìwé, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ohun tó ṣe mí láǹfààní tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ mú mi wọ yàrá ọwọ́ òsì. Ẹ ti gbá a, ẹ ti fi ẹfun kun ògiri rẹ̀, ẹ ti ra ẹní tuntun, ẹ sì fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe aṣọ ojú fèrèsé, èyí tí ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ ya fúnra yín, tí ìdí rẹ̀ sì ṣì ń rùn fún ẹlú. Ẹ ò sọ̀rọ̀. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹ ń wo ojú mi. Mo sọ fún yín pé ọkọ̀ kò lè wọ inú agbo ilé, pé mo fẹ́ ra ọkọ̀ láìpẹ́, pé ilé ìwẹ̀ tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò yóò mú mi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Irọ́ ni, Màmá. Òótọ́ inú mi ni pé ẹ̀rù ẹbí ló ń bà mí: ẹ̀rù pé bí owó oṣù bá ti wọlé, ilẹ̀kùn mi ni gbogbo agbo ilé yóò kọ́kọ́ kàn. Mo ti san àsansílẹ̀ fún ilé Ọbáńtokò ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ ní, "Ó dára." Ẹ kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí ẹ fi kú.

"Ó dára" yẹn ni mo ti ń gbọ́ láti Sátidé. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé yàrá tó ṣófo ni ẹ fi lọ̀ mí, pé ohun tí mo kọ̀ kò ná yín ju ẹfun àti ẹní lọ. N kò mọ̀ pé ayálégbé wà níbẹ̀ tó ń san owó fún yín, owó tí ẹ fi ń ra aró àti aṣọ funfun. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Bí ẹ bá ti sọ pé ẹ ti lé ènìyàn jáde, ojú ìbá tì mí, n bá sì sùn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọdún kan péré. Ẹ fi dídákẹ́ yín sọ mí di ọ̀dájú láìmọ̀, n kò sì rí ẹni tí mo lè bẹ̀ mọ́.

Ohun tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti ibi tí obìnrin náà lọ. Mo lépa rẹ̀ dé ìdí ààrò, mo bi í níbi tó ń gbé báyìí. Ó ní lẹ́yìn afárá Láfẹ́ńwá ni, létí Odò Ògùn, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni owó ọwọ́ òun ká nígbà náà. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọyán, orí ibùsùn ni òun àti àwọn ọmọ òun máa ń kó ẹrù wọn sí títí omi yóò fi fà. Ọdún mẹ́fà rèé. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ ra ògiri fún mi ní ilé mẹ́fà tàbí méje, ta ló bá obìnrin yẹn fi ọwọ́ ra ògiri? Ṣé ẹ bi í léèrè ibi tó ń kó lọ? Mo mọ̀ pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín, nítorí pé nítorí mi ni ẹ ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n n kò lè ṣàìbéèrè.

Ní ti èmi fúnra mi, ìṣirò orí ìwé yẹn ti dàrú. Ọkọ̀ méjì ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, láti Ọbáńtokò dé Kútọ̀, láti Kútọ̀ dé Òkè-Mosàn, méjì mìíràn ni mo sì ń wọ̀ bọ̀. Nígbà tí mo kó dé, náírà 145 ni lítà epo kan. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó di nǹkan bíi 500, ó sì tún ń gòkè lẹ́yìn náà. Ohun tí mo rò pé mo jèrè lórí owó ilé, ọkọ̀ ti gbà á, ó sì ti gba lé e. Ọkọ̀ tí mo ní n ó rà, n kò tíì rà á. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni onílé tún fún mi ní ìwé pé kí n kó jáde láàárín oṣù mẹ́fà, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń ti òkè òkun bọ̀. Ìyàwó mi kò fẹ́ fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọ kò fẹ́ fi ilé ìwé wọn sílẹ̀. Mo ti wo ilé méjì ní Aṣèrò, mo sì ti wo ọ̀kan ní Ọlọ́mọrẹ. Wọ́n ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, yàtọ̀ sí owó àdéhùn àti ti ajẹ́ńtì. Gbogbo wọn ni mo wò lẹ́yìn òjò. Mo fi ọwọ́ ra ògiri wọn láti ilẹ̀ dé orúnkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo yà sí Kémta. Yàrá ọwọ́ òsì kún fún àga àti ìkòkò tí wọ́n fi se oúnjẹ ìrántí yín. Àdìrẹ ojú fèrèsé kò sí níbẹ̀ mọ́, ìṣó méjì tí ẹ fi so ó ló ṣẹ́kù. Mo lọ bá olórí ẹbí, mo ní mo fẹ́ bèèrè yàrá náà. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ó tó àkókò, pé ọmọ kì í sá fún ilé baba rẹ̀ títí. Mo ní èmi kọ́ ni n ó gbé ibẹ̀, pé obìnrin tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo ń bèèrè rẹ̀ fún, pé èmi ni n ó san owó ọdún àkọ́kọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ọmọ agbo ilé wo ni obìnrin náà ní Kémta.

Mo ní kì í ṣe ọmọ Kémta. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ìpàdé ẹbí ti ìparí oṣù.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní