Ọmọ àìtí tí wọ́n ń kó wá bá wa, ta ló ń bójú tó wọn?

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tẹkiníkà tí wọ́n máa ń kó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa fún àìtí, ìyẹn kí wọ́n wá fojú rí iṣẹ́ níta ilé ìwé, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé síta. Iṣẹ́ rewinding, ìyẹn ká tún wáyà tuntun yí sí kọ́ìlì ẹ̀rọ tó jó, ni mò ń ṣe níbí ní Òṣogbo, ó ti lé lógún ọdún, fáànù o, pọ́ńpù omi o, ẹ̀rọ ìlọta o, ohun tó bá ṣáà ti ní kọ́ìlì nínú tó sì ti jó, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá.

Ọmọ kan dé lọ́dún tó kọjá tòun ti lẹ́tà àti logbook, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún un. Ọmọ yẹn mọ̀wé o, kí n má purọ́, tẹ́ ẹ bá bi í ní Ohm's law, á kà á fún yín bí ẹni ń ké ewì. Lọ́jọ́ kejì mo gbé pọ́ńpù kan tó jó síwájú ẹ̀, mo ní kó tú kọ́ìlì inú ẹ̀, mo bá jáde lọ ra wáyà. Kí n tó dé, ó ti fi chisel gé gbogbo ẹ̀ dànù, ó ti gbálẹ̀, ó wá jókòó, ó ń retí kí n yìn ín. Kò kà á! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ pé kéèyàn tó gé kọ́ìlì, á kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí wáyà yí po, á wọn bó ṣe nípọn tó, á ya bí wọ́n ṣe so ó mọ́ra sínú ìwé, torí tí ìyẹn bá ti lọ, iṣẹ́ afọ́jú lèèyàn ń ṣe. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wá irú pọ́ńpù yẹn kiri kí n tó rí òmíràn kà. Mo jágbe mọ́ ọn dáadáa. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ ṣú mo bi ara mi pé ta ló tiẹ̀ sọ fún un? Èmi ò sọ, ilé ìwé ẹ̀ náà ò sọ, ó ní àwòrán ara ògiri ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn.

Kí n jẹ́wọ́, látọjọ́ yẹn mi ò fún un níṣẹ́ gidi mọ́. Ó ń bá mi ra àmàlà, ó ń nu jẹnẹrétọ̀, ó ń gbé àga fún kọ́sítọ́mà. Tíṣà ẹ̀ ò yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tó máa lọ ó gbé logbook wá, ó ti fúnra ẹ̀ kọ ọ́ kún fọ́fọ́ pé òun ti mọ rewinding, mo sì buwọ́ lù ú. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo buwọ́ lù ú.

Àwọn ọmọ poli àti yunifásítì ní SIWES, ètò àìtí tiwọn, tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, àwọn kékeré yìí ńkọ́? Ní Jámánì, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń lo bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́sẹ̀ nílé iṣẹ́, ó wá máa fi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ sílé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni fún nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta àbọ̀, ilé iṣẹ́ náà ló sì ń sanwó fún un. Àwa náà ṣáà ní ọmọ iṣẹ́ tó ń lo ọdún mẹ́ta kó tó ṣe fríìdọ̀mù, àmọ́ tiwa, àwọn òbí ló ń sanwó fún ọ̀gá, kò sì sí ilé ìwé kankan ńbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kẹ̀! Òṣogbo yìí kan náà ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà o, ní National Control Centre, ọmọ tẹkiníkà ìlú ọ̀hún ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń di tẹ́sítà mú.

Mi ò béèrè owó, bí wọ́n bá tiẹ̀ fún wa mi ò ní kọ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí tíṣà fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá kí ọmọ tó dé, kó sọ fún mi pé ohun báyìí báyìí ni wọ́n ti kọ́ ọ, báyìí ló kù, kó sì padà wá lọ́sẹ̀ kejì wá wo ohun tọ́mọ ń ṣe. Òun náà á rí inverter tá a ń tú níbí, bóyá ò tíì tú u rí.

Ọmọ yẹn ń múra NABTEB, ìdánwò àṣejáde àwọn ọmọ tẹkiníkà, báyìí. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó wá ní Sátidé, fáànù kan wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn.

Èmi ni tiyín,
Onírewinding kan,
Òpópónà Gbọ̀ngán, Òṣogbo.