Kò Sẹ́ni Tó Fẹ́ Kó Èésú Gbẹ̀yìn Mọ́ ní Odògúnyàn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ sí ojú ewé yìí, níbi tó ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wí pé ìbẹ̀rù wọn ti pọ̀ jù, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, tí kì í pẹ́ dé, tí kì í sì í purọ́ àìsàn, kò yẹ kó máa ta jí lóru nítorí ìwé gbélé-ẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, n kò sì rò pé ẹni tó kọ ọ́ ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa ní Ìkòròdú, pàápàá láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Odògúnyàn, ohun tí ojú mi ń rí kò bá èyí mu rárá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè láti sọ ọ́.

Alájọ ni mí. Láàárọ̀, mo máa ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní agbègbè Sábó. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹnu géètì àwọn ilé-iṣẹ́ ni ẹ óò ti bá mi, lásìkò tí àwọn ṣíìfù àárọ̀ ń jáde tí àwọn ti alẹ́ ń wọlé. Yàtọ̀ sí àjọ ojoojúmọ́, mo tún máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ fún èésú olóṣooṣù, níbi tí gbogbo wọn ti ń dá owó, tí ẹnì kan nínú wọn sì ń kó gbogbo rẹ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ èyí, akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń dáni dúró. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkàn òṣìṣẹ́ ṣe balẹ̀ tó, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè, torí “a dúpẹ́” ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ wo oṣù tó fẹ́ kó èésú.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó èésú, gbèsè ló jẹ, yóò sì máa san án títí èésú yóò fi pé. Ẹni tó bá kó o gbẹ̀yìn, ńṣe ló ń fowó pamọ́ sọ́wọ́ àwọn yòókù, ó sì gbọ́dọ̀ dá a lójú pé nígbà tí oṣù Kejìlá bá fi máa dé, òun àti àwọn mọ́kànlá tó kù yóò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà kan rí, àwọn kan máa ń bẹ̀ mí pé kí n fi àwọn sí ìkẹyìn, kí owó náà lè bọ́ sí àsìkò Kérésì tàbí owó ilé-ìwé oṣù Kìíní. Lónìí, gbogbo wọn ló fẹ́ kó o ní oṣù kìíní àti ìkejì, débi pé kèké ni mo ń ṣẹ́ kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Mo ti sọ èésú olóṣù méjìlá di olóṣù mẹ́fà. Àwọn mìíràn tún ti gbọ́n jù mí lọ: wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà pọ̀ jù nínú agbo kan, kí gbogbo wọn má bàa bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Obìnrin kan tó ń di ọjà sínú páálí ní ilé-iṣẹ́ oníke bá mi níbi tí mo ti ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sí oṣù Kẹsàn-án. Títí dé oṣù Kẹfà ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà.” Mo bi í pé ṣé wọ́n ti sọ nǹkan fún un níbi iṣẹ́ ni. Ó ní, “Wọn ò sọ nǹkan kan fún wa, Màmá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.” Ó ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ó fi káàdì tó fi ń wọlé hàn mí: orúkọ agbaṣẹ́ṣe tó mú un wá ló wà lára rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún kò sí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí káàdì yẹn, kò sí bébà kan lágbàáyé tó fi hàn pé òṣìṣẹ́ ni.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé yín fiyè sí. Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí, tó ti wà láti ọdún 1974, tó sì kan àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé, kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lókùnkùn. Abala 7 sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí irú iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, iye tí yóò máa gbà, wákàtí tí yóò máa lò àti àkókò ìfitónilétí tó wà láàárín wọn bí wọ́n bá fẹ́ pínyà yóò wà nínú rẹ̀. Abala 11 ló sọ iye ọjọ́ ìfitónilétí ọ̀hún: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ sì lè san owó dípò rẹ̀. Kò pọ̀, mo gbà. Oṣù kan kò tó wá iṣẹ́ mìíràn ní ayé tí a wà yìí. Abala 20 wá sọ ti àkókò tí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ: kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ṣe pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ẹni tó dé kẹ́yìn kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n sì dúnàádúrà lórí owó tí wọn yóò fi lé àwọn tó ń lọ lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé abala yìí gbà kí wọ́n wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti bí èèyàn ṣe ṣeé gbára lé, nítorí náà òǹkàwé yín kò jìnnà sí òtítọ́ níbi tí òfin dé.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú òfin yìí ṣẹ fún obìnrin onípáálí yẹn? Agbaṣẹ́ṣe yóò ní iṣẹ́ òun ni láti kó èèyàn wá. Ilé-iṣẹ́ yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Mo mọ ibi tí wọ́n ti máa ń ní kí àwọn káṣúà, ìyẹn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì láàárín ọdún, tí wọn yóò tún fi orúkọ wọn sílẹ̀ lákọ̀tun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí iye ọdún tí wọ́n ti lò má bàa gùn.

N kò sọ pé ìkà ló kún inú gbogbo onílé-iṣẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n sì jẹ́ kí náírà wá ìpele ara rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ohun èlò tó ń ti òkè òkun wá ti di ọ̀wọ́n gógó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní ìpele A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún, gbéra láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 lórí wákàtí kílówáàtì kọ̀ọ̀kan. Èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀, tó jẹ́ ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ti di ìdá 27.25 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. GSK, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, kéde lọ́dún 2023 pé òun ń palẹ̀ ẹrù òun mọ́ ní Nàìjíríà, Procter & Gamble, àwọn tó ni Ariel àti Pampers, náà sì kéde kí ọdún yẹn tó parí pé òun kò ní ṣe ọjà níbí mọ́. Ṣé àìjáfáfá òṣìṣẹ́ ló lé wọn lọ ni? Bí a bá sì rò pé iṣẹ́ ìjọba ni ibi ìsádi, kí a bi àwọn àgbà wa léèrè nípa ọdún 1975, nígbà tí ìjọba Murtala Muhammed gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju 10,000 lọ, tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ọ̀gá kan wà tó gbà pé ìbẹ̀rù dára, pé òun ló ń mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì yàtọ̀ sí èyí. Ọkùnrin kan wà tí ẹ̀rọ gé lọ́mọ ìka, tó fi àkísà wé e, tó sì ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ títí ṣíìfù fi parí, nítorí pé ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní kó má padà wá mọ́. Ẹ̀rọ tó gé e yẹn ti ń dún gbàù-gbàù láti ìjẹta, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó sọ fún ọ̀gá, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ òun. Òfin ọdún 2010 lórí gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ tó fara pa wà nílẹ̀ nígbà náà. Kí ni ẹni tí kò ní ìwé yóò fi bèèrè rẹ̀?

Bákan náà ni ti owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8. Ẹni tí iṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé ẹni 50 ọdún, tí kò rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí kò ti sí owó tí ìjọba ń san fún aláìríṣẹ́ṣe, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwọn tí mo ń gba àjọ lọ́wọ́ wọn kò ní àpò kankan níbẹ̀. Àjọ mi ni owó ìfẹ̀yìntì wọn, èyí sì ń ba èmi gan-an lẹ́rù.

N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé òṣìṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí kò rí ọjà tà kò lè máa sanwó oṣù títí ayé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé kò náni lówó. Ọ̀gá tó bá rí i pé nǹkan ń le lè sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí oníkálukú mọ bí yóò ṣe to ti ara rẹ̀, kó mọ̀ bóyá kó yáwó tàbí kó má yá, bóyá kó gba ilé tuntun ní Ìgbógbò tàbí kó dúró síbi tó wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ní agbára lábẹ́ Òfin Iṣẹ́ láti wọ inú ilé-iṣẹ́ lọ yẹ ìwé wò. Bí wọ́n bá ń wá sí Odògúnyàn, mi ò tíì pàdé wọn lẹ́nu géètì.

Ẹ̀yin náà lè ràn wá lọ́wọ́, Olóòtú. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ òfin yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì wà fún kì í fi òyìnbó kàwé. Mo rọ̀ yín kí ẹ tẹ Abala 7, 11 àti 20 jáde ní Yorùbá tó já geere ní ojú ewé yìí, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi díẹ̀. Èmi yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fúnra mi, n óò sì fi há inú káàdì àjọ àwọn èèyàn mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Alájọ,
Sábó, Ìkòròdú.