Lẹ́tà sí àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe point guard

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball) yín ti fi ọ́ ṣe point guard, ẹni tí ń darí eré, tí ń pín bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, àti pé nígbàkígbà tí o bá sáré wọ abẹ́ àwọ̀n, àwọn géńdé méjì máa ń dí ọ mọ́ ibẹ̀, tí wàá fi ọwọ́ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù mú, tí eré yóò sì bàjẹ́. O wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má dárúkọ Steve Nash, point guard àtijọ́ nì, nítorí pé kò gba ife NBA, líìgì ńlá ti Amẹ́ríkà, rí. Jọ̀wọ́, fara dà á fún mi. Òun gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Òótọ́ ni pé kò gba ife, kò tilẹ̀ dé àṣekágbá rí. Ṣùgbọ́n ní sáà tí ó parí ní ọdún 2004, ìdíje 29 péré ni ẹgbẹ́ Phoenix Suns borí nínú 82. Nígbà tí Nash kúrò ní ẹgbẹ́ Dallas tí ó padà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n borí nínú 62 ní sáà tí ó tẹ̀ lé e. Òun ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó peregedé jù lọ ní 2005 àti 2006. Ọkùnrin tí kì í fò sókè bí àwọn yòókù ni o, tí ẹ̀yìn ń dùn débi pé bí wọ́n bá ní kí ó lọ sinmi, ilẹ̀ ni ó máa ń nà gbalaja sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá dípò kí ó jókòó.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Bí Nash bá wọ abẹ́ àwọ̀n tí kò rí àyè, kì í dúró. Yóò máa lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lọ, yóò gba abẹ́ àwọ̀n kọjá, yóò sì yọ ní òdì kejì, orí rẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ ń wá ẹni tí àwọn olùdènà ti gbàgbé. Ìwọ náà mọ òfin: ẹni tí ó bá ń lu bọ́ọ̀lù bọ̀, tí ó wá fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kò lè lù ú mọ́lẹ̀ mọ́; ó di kí ó jù ú sáwọ̀n tàbí kí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pè é ní ojo. Ọ̀pọ̀ ìdíje ni mo wò kí n tó kíyè sí i pé ẹni tí ń ṣọ́ Amar'e Stoudemire, akẹgbẹ́ Nash ní Phoenix, máa ń yíjú padà láti wo ibi tí Nash gbà, àti pé ìyíjúpadà yẹn ni Nash ń dúró dè. Bàbá rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, òun náà sì gbá a dàgbà ní Kánádà; mo gbà pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń wo àyè kí ó tó ṣí.

Má sì rò pé kò mọ bọ́ọ̀lù jù sáwọ̀n ni ó ṣe ń pín in. Nínú ìjùsáwọ̀n ọ̀fẹ́ 100, ó ń jẹ nǹkan bí 90, jálẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, pásì 10,335 tí ó di pọ́ìntì fún ẹlòmíràn ni ó fi sílẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 2015.

Ní ti ife, ọdún 2007 ṣì ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n ń lé ife náà, nínú ìdíje àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ San Antonio, òun àti Tony Parker, agbábọ́ọ̀lù San Antonio, forí gbárí, imú rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Wọ́n lẹ báńdéèjì mọ́ ọn títí, kò ràn án. Ìta ni ó wà nígbà tí ìṣẹ́jú tí ó ṣe kókó jù ń lọ, Phoenix sì pàdánù.

O ní ẹ máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Bí wọ́n bá tún dí ọ mọ́ abẹ́ àwọ̀n, máa lù ú lọ, kí o yọ ní òdì kejì. Kọ̀wé sí mi, kí n mọ ẹni tí o gbé e fún.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ